Ọjọ́ tó kẹ́yìn ní Istanbul: ẹ má sáré parí ìlú

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lórí ìrìn àjò Tọ́kì lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo sì kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ yín ò bèèrè nípa ọjọ́ tẹ́ ẹ máa débẹ̀ o, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀ ló ń dà yín láàmú. Ó yé mi. Èmi náà ti kó àwọn ọmọ lọ sí Istanbul lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹkún la fi parí ẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣa àwọn lẹ́tà ọjọ́ ìkẹyìn jọ síbí, ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwa mẹ́fà la jọ ń lọ, èmi àti ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta (ọdún 11, 8 àti 4), pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Sọ́ńdè ni ọjọ́ tó kẹ́yìn wa, aago 11 àárọ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì ní ká jáde nínú yàrá, fúláìtì wa sì di aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú lóru. Ọkọ mi ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé, ààfin Topkapı láàárọ̀, Grand Bazaar lọ́sàn-án, ká gun ilé ìṣọ́ Galata, ká tún wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Büyükada ká tó wá lọ sí éápọ́ọ̀tù. Mo ní ó ti pọ̀ jù, wọ́n ní owó táwọn ná ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí i. (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta)

Èsì: Ẹ kú ìmúra o, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta. Ẹ bá mi kí bàbá, ẹ sọ fún wọn pé mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, àmọ́ Sọ́ńdè fúnra ẹ̀ ti bá wa mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀. Grand Bazaar, táwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Kapalıçarşı, kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọjà tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ju 4,000 lọ, tí wọ́n ti ń ná látayé ọba Mehmed Kejì ní nǹkan bí ọdún 1455, ẹ máa débẹ̀ ẹ máa bá ìlẹ̀kùn ẹ̀ ní títì pa, pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn lẹ́yìn yín. Tó bá jẹ́ ọjà yẹn gan-an lọkàn bàbá wà, Sátidé ni kí wọ́n lọ.

Büyükada náà, ẹ fà á yọ. Ó dáa gan-an o, wọn kì í jẹ́ káwọn èèyàn wa mọ́tò ara wọn níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù, àmọ́ láti Eminönü tàbí Kabataş ọkọ̀ ojú omi ń lò ju wákàtí kan lọ kó tó débẹ̀, àlọ nìkan nìyẹn, ẹ ò tíì ka àbọ̀. Tí atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní lodos bá sì gbéra, tó ń fẹ́ láti gúúsù, wọ́n lè dá ọkọ̀ omi dúró, ẹ̀yin á wà lórí erékùṣù, ẹrù yín á wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, bàálù yín á sì máa múra àtigbéra. Ẹni tó ní fúláìtì lálẹ́ ò gbọdọ̀ fi omi sí àárín òun àti ẹrù ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ti Galata, àwọn oníṣòwò Genoa ló kọ́ ọ lọ́dún 1348, òkè tó ga ni wọ́n kọ́ ọ sí, kéèyàn tiẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ orúnkún ti gbọ́, ìlà tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìyá sinmi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an rèé, ẹ gbọ́ mi dáadáa torí ó ná mi ní nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó kẹ́yìn kì í ṣe ọjọ́ ibi tuntun. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni, kẹ́ẹ lọ dágbére. Nígbà àkọ́kọ́ tá a lọ, ibi márùn-ún la sáré dé lọ́jọ́ yẹn, àbíkẹ́yìn mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà yẹn sùn lórí èjìká bàbá ẹ̀ láti ibì kejì títí dé ìkarùn-ún, kò rí nǹkan kan. Ìgbà tá a dé éápọ́ọ̀tù ló jí, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé a ò ní lọ kí bàbá oní-simit ni?" Bàbá kan ni tó ń ta búrẹ́dì róbótó oníyẹ̀ẹ̀mọtí yẹn nínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lẹ́bàá ilé tá a dé sí, gbogbo àárọ̀ lọmọ yìí ń ra tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, bàbá náà ti mọ̀ ọ́n, á ti gbé e sílẹ̀ dè é. Ibi márùn-ún yẹn, mi ò rántí mẹ́ta nínú ẹ̀ mọ́. Bàbá oní-simit yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, lálẹ́ Sátidé, ẹ pe gbogbo ilé jókòó, títí kan ọmọ ọdún 4, kí kálukú mú ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ padà lọ rí. Ẹ máa rí i pé ohun tí wọ́n máa mú ò ní jìnnà. Àwọn ọmọ kì í sọ pé ààfin, wọ́n á ní ibi tẹ́yẹ ti gba simit lọ́wọ́ àwọn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè ẹ di ẹrù yín tán kẹ́ẹ tó jẹun àárọ̀, kẹ́ẹ fi í sílẹ̀ fún hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá àlejò tọ́jú ẹrù títí dalẹ́, ẹ ṣáà bi wọ́n láàárọ̀ pé títí di aago mélòó. Tí wọn ò bá gbà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "emanet" sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbowó ṣọ́ ẹrù. Báàgì kékeré kan ni kẹ́ẹ mú dání, ẹ kó páspọ́ọ̀tì, oògùn màmá, cháájà àti aṣọ ìpààrọ̀ fún ọmọ kékeré sínú ẹ̀. Bí bàbá bá ṣì ń fẹ́ Topkapı, kò sí ìjà ńbẹ̀, aago 9 ni wọ́n ń ṣí i, kí wọ́n mú ọmọ ọdún 11 yẹn dání káwọn méjèèjì lọ, kẹ́yin yòókù lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ẹ pàdé ní Eminönü lọ́sàn-án. (Àwọn tí ọjọ́ ìkẹyìn tiwọn bá bọ́ sí Túsìdeè, kò sí Topkapı fún yín o, ọjọ́ tí wọ́n ń tì í nìyẹn.)

Eminönü yẹn ló dáa jù fún ọjọ́ yìí. Tíráàmù T1 ń gbé yín láti Sultanahmet, àdúgbò tí Topkapı wà, débẹ̀ láìgun òkè kankan, Mısır Çarşısı, ọjà àwọn eléròjà, wà níbẹ̀, ó ń ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá lè tibẹ̀ ra ẹ̀bùn tí wọn ò rí rà. Èbúté ọkọ̀ omi wà lódìkejì títì. Ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Üsküdar tàbí Kadıköy, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń polówó fún àlejò ní owó gọbọi o, ọkọ̀ táwọn ará ìlú ń wọ lọ síbi iṣẹ́ ni mò ń sọ, ẹ tẹ káàdì Istanbulkart yín kẹ́ẹ wọlé. Ó jẹ́ nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Màmá á jókòó, wọ́n á gbé tíì wá nínú ife kékeré, àwọn ọmọ á máa ju simit sókè fáwọn ẹyẹ etí òkun, Topkapı àti Galata tí bàbá kọ sínú ìwé yẹn, pẹ̀lú Hagia Sophia, mọ́ṣáláṣí ńlá ayé àtijọ́ yẹn, ẹ máa rí wọn látorí omi lẹ́ẹ̀kan náà láìto ìlà, ẹ tún máa ti Yúróòpù bọ́ sí Éṣíà kẹ́ẹ tó padà. Mo ti ṣe é nígbà kejì tá a lọ, àbíkẹ́yìn mi ò sùn rárá.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń pa èèyàn lára. Aago kan kọjá ogójì lóru yẹn, ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ alẹ́ Sọ́ńdè lẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní éápọ́ọ̀tù. Mo mọ ìdílé tó jẹ́ alẹ́ Mọ́ńdè ni wọ́n débẹ̀, tí bàálù ti lọ láti ogún wákàtí ó lé. Éápọ́ọ̀tù tuntun yìí wà lọ́wọ́ Òkun Dúdú lọ́hùn-ún, ó ju kìlómítà 35 lọ sí Sultanahmet, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ alẹ́ Sọ́ńdè kì í sì í ṣe kékeré, wọ́n tún máa yẹ ẹrù yín wò lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ẹ tó wọlé rárá, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì nínú lọ́hùn-ún. Ẹ kúrò láàárín ìlú ní aago 8 alẹ́. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ M11 ń débẹ̀ láti Gayrettepe, kì í mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àmọ́ pẹ̀lú ìyá àti àpótí èèyàn mẹ́fà, takisí ńlá kan tí hòtẹ́ẹ̀lì bá yín pè ló rọrùn jù, ìrìn tó wà ní Gayrettepe yẹn gùn.

Ìbéèrè: Mà, IST la bọ́ sí, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ wa kọ SAW. Ṣé wọ́n jìnnà síra wọn ni? (Àgbà Awakọ̀)

Èsì: Wọ́n jìnnà, bàbá wa. IST, ìyẹn éápọ́ọ̀tù tuntun tí mo sọ lókè, wà ní apá Yúróòpù, SAW, ìyẹn Sabiha Gökçen, wà ní apá Éṣíà, omi Bosphorus ló wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ pé Sultanahmet tàbí Taksim lẹ sùn sí, ẹ má wọ mọ́tò gba orí afárá kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ Marmaray ní Sirkeci, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá láti ọdún 2013, ẹ sọ̀ ní Ayrılık Çeşmesi, kẹ́ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ M4 níbẹ̀, M4 ti ń dé ẹnu éápọ́ọ̀tù náà gan-an láti 2022. Tó bá jẹ́ fúláìtì àárọ̀ kùtù ni, ẹ lọ sùn sí Kadıköy lálẹ́ tó kẹ́yìn, ara á tù yín. Tẹ́ ẹ bá sì ní ìwé atọ́nà àtijọ́ lọ́wọ́ tó ń sọ̀rọ̀ éápọ́ọ̀tù Atatürk, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, èrò ò tibẹ̀ wọkọ̀ mọ́ láti oṣù kẹrin 2019. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọbìnrin, ẹ sọ fún un pé obìnrin tó ń fi bàálù ogun jà ni Sabiha Gökçen tí wọ́n fi sọ ibẹ̀, inú tèmi dùn nígbà tó gbọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún 7 fẹ́ràn ológbò kan tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ilé tá a gbà sí ní Cihangir lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ tá a ń lọ, takisí ti dé, a já a gbà kúrò lára ẹ̀, ó sunkún títí bàálù fi gbéra. A tún ń padà lọ sílé yẹn náà lọ́dún yìí. Kí ni mo máa ṣe lọ́tẹ̀ yìí? (Ìyá Àbẹ̀ní)

Èsì: Ìyá Àbẹ̀ní, lẹ́tà yín ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo wọn. Ẹ má sọ fún un pé "a máa padà wá mú u". Ọmọ ọdún 7 á rántí. Ẹ sọ òótọ́ fún un láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, pé gbogbo àdúgbò ló ni ológbò yẹn. Òótọ́ sì ni, ní Istanbul àwọn onílé àti ọlọ́jà ló ń gbé omi àti oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, àwọn míì tiẹ̀ ń kan ilé pákó kéékèèké fún wọn nítorí òtútù. Ẹ sọ ìtàn Gli fún un, ológbò tó gbé inú Hagia Sophia látìgbà kékeré ẹ̀ títí tó fi kú lóṣù kọkànlá 2020, Obama fúnra ẹ̀ fọwọ́ pa á lórí nígbà tó lọ síbẹ̀ lọ́dún 2009. Wọ́n sọ ilé yẹn di mọ́ṣáláṣí padà lọ́dún 2020, ológbò yẹn ò kúrò níbẹ̀. Ológbò tó nílé ni.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn wá, ẹ ya odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ kí takisí tó dé, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún o, kó ra oúnjẹ ológbò fúnra ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó gbé e fún un, kó bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ẹ yà wọ́n ní fọ́tò. Kóun fúnra ẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀, kó má jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa fà á kúrò. Ó ṣì lè sunkún. Ẹ jẹ́ kó sun ún, ẹ má ní kó dákẹ́.

Ẹ sì má gbójú fo eléyìí: tí ológbò bá ha á tàbí tó bu ú jẹ, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí àìsàn dìgbòlugi ṣì wà ní Tọ́kì, kò sì gbóògùn mọ́ tó bá ti fara hàn. Ẹ má ní ẹ máa dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá délé.

Ìbéèrè: Mà, ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe ti ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìkẹyìn wa, a fẹ́ wọ tíráàmù ní Karaköy, èrò pọ̀ bí eṣú. Ìyàwó mi gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, èmi gba èkejì pẹ̀lú àpótí, kálukú wa rò pé ọmọkùnrin wa ọmọ ọdún 8 wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ìlẹ̀kùn tì, ó wà níta. Ogójì ìṣẹ́jú ká tó rí i, ọkùnrin ẹlẹ́ja kan ló mú un jókòó tì í. Àtìgbà yẹn ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́, ó ní fóònù ni mò ń wò. Òótọ́ ni, fóònù ni mò ń wò, mò ń wo aago fúláìtì. Oṣù méjì rèé. (Bàbá Ọmọ Méjì)

Èsì: Bàbá Ọmọ Méjì, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. A dúpẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ kọ "òótọ́ ni" sí mi nínú lẹ́tà, ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún ìyàwó yín? Mo ń bi yín tọkàntọkàn ni, torí bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ó jọ pé oṣù méjì yìí ẹ ti ń ṣàlàyé nípa èrò, nípa ẹnu ọ̀nà méjì, nípa fúláìtì. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan táwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ ní "fóònù ni mò ń wò, mi ò wo ọmọ, jọ̀ọ́ má bínú", kẹ́ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má fi "àmọ́" kankan tì í. Ó ṣeé ṣe kóun náà máa dá ara ẹ̀ lẹ́bi pé òun lòún kọ́kọ́ wọlé, kó má sì rí ẹni sọ ọ́ fún torí pé ìjà ló wà nílẹ̀. Ẹ sì pe ọmọ yẹn náà, ẹ bi í pé báwo ni ogójì ìṣẹ́jú yẹn ṣe rí fún un. Ẹ jẹ́ kó rò ó bó bá ṣe fẹ́, kẹ́ẹ má já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣàdéhùn kẹ́ẹ tó jáde lọ́jọ́ ìkẹyìn, torí ọjọ́ yẹn ni ẹrù máa ń pọ̀ lọ́wọ́ tí ojú ò sì ní sí lára ọmọ. Ọmọ tó bá kù sẹ́yìn, kó dúró sójú kan, kó má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àgbà tó bá wà nínú ọkọ̀ á sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, á sì padà wá. Ọmọ ló ń kọ́kọ́ wọlé, àgbà ló ń kẹ́yìn, ìgbà gbogbo. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí bébà sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbára lé káàdì hòtẹ́ẹ̀lì torí ẹ ti jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ibẹ̀ lè máà mọ̀ yín mọ́. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Tọ́kì, ọlọ́pàá, ọkọ̀ ọsibítù, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ sì ya fọ́tò àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀, tẹ́ ẹ bá ń wá wọn, fọ́tò yẹn lẹ máa fi han èèyàn, kò nílò èdè kankan.

Ìbéèrè: Àǹtí, mo fẹ́ ra kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan níbẹ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń dá owó orí padà fún àlejò. Ṣé ní éápọ́ọ̀tù ni? (Ìyá Aláṣọ)

Èsì: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù tax free fún yín, ẹ mú páspọ́ọ̀tì dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á. Ní éápọ́ọ̀tù, kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ rí ọjà náà kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀, torí náà ẹ má tíì fi àpótí yẹn sílẹ̀ fáwọn ọkọ̀ òfurufú, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó yẹn nìyẹn. Ní ti "àtijọ́", ẹ ṣọ́ra o. Òfin 2863 ti ọdún 1983 ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Tọ́kì, kápẹ́ẹ̀tì tó bá dàgbà gan-an wà níbẹ̀, owó idẹ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ẹ ra tuntun, kẹ́ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé tuntun ni. Tẹ́ ẹ bá sì kó ọmọ dé ibi àwókù ilé àtijọ́ kankan nígbà ìrìn àjò yẹn, ẹ tú àpò wọn wò lálẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn kẹ́ẹ tó di ẹrù, àfọ́kù ìkòkò tàbí òkúta kékeré tọ́mọ ṣà nílẹ̀ torí pé ó rẹwà, ẹ mú un kúrò níbẹ̀, kẹ́ẹ fún hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n bá yín dá a padà.